Eyín Alága Ń Gbààwẹ̀

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ, kí ọ̀rọ̀ má baà dojú rú mọ́ wa lọ́wọ́ níwájú. Oríṣi eyín àtọwọ́dá méjì ló wà. Ọ̀kan wà fún ẹni tí gbogbo eyín rẹ̀ ti lọ tán. Èkejì wà fún ẹni tó ṣì ní eyín tirẹ̀ lẹ́nu, àmọ́ tí àlàfo wà láàárín wọn. Èkejì yìí ni tiwa lónìí. Rọ́bà líle kan ni, ó ní àwọ̀ erìgì. Wọ́n gbin eyín díẹ̀ sí i lára, wọ́n sì fi wáyà tín-ín-rín méjì sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, èyí tí yóò máa di àwọn eyín tòótọ́ mú kí ó má baà já bọ́. Ẹni tó ni ín lè yọ ọ́ nígbà tó bá wù ú, kí ó sì tún fi í padà. Ó tán. Kò sí àṣírí kankan níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń lò ó, tí wọ́n sì ń jẹ iyán wọn ní ìrọ̀rùn.

Ọlọ́lá Jùlọ, Alhaji Mùstàfá Ìyápọ̀, Alága Ìjọba Ìbílẹ̀ Ẹ̀bá-Àpáta, ní irú eyín bẹ́ẹ̀ mẹ́rin lókè ẹnu, níwájú gan-an. Kí ó tó di Alága ni ó ń bọ̀ láti Ilero lórí ọ̀kadà lọ́jọ́ kan, tí ewúrẹ́ já lu ọ̀nà. Ewúrẹ́ dúró. Ọ̀kadà dúró. Mùstàfá nìkan ni kò dúró. Ibi tó balẹ̀ sí ni eyín mẹ́rin tirẹ̀ gan-an wà títí di òní.

Gbogbo ìlú ló mọ ìtàn yìí. Àwọn tó ń bó ẹ̀gẹ́ mọ̀ ọ́n, àwọn ọlọ́kadà mọ̀ ọ́n, àwọn ọmọ ilé-kéú pàápàá mọ̀ ọ́n. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò mọ̀ pé ìlú mọ̀ ni Alága fúnra rẹ̀. Ní tirẹ̀, ọ̀rọ̀ eyín yìí ni àṣírí tó tóbi jù lọ ní gbogbo Òkè-Ògùn, ọjọ́ tí ó bá sì tú ni ìjọba rẹ̀ yóò wó. Bẹ́ẹ̀ sì ni ohun kan ṣoṣo ló wà lọ́kàn rẹ̀ lọ́dún náà: kí ẹgbẹ́ òṣèlú rẹ̀ tún fa òun kalẹ̀ fún sáà kejì. Àwọn àgbà ẹgbẹ́ ti ní àwọn yóò wá láti Ìbàdàn, àwọn yóò jókòó, àwọn yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn tó ń du ipò náà, ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá wọ àwọn létí ni àwọn yóò mú. Ẹ̀yin náà ẹ rí i bí ọ̀rọ̀ ṣe kan ẹnu.

Ní yàrá kékeré kan ní ilé ìlera ìlú, Nọ́ọ̀sì Waheedat ló ń tọ́jú eyín aráàlú. Òun ló kọ́ Alága bí a ṣe ń lo ohun tó wà lẹ́nu rẹ̀. Kò pè é wá sí yàrá náà o. Ilé Alága ló lọ, wọ́n fa kọ́tìnnì, wọ́n ti ilẹ̀kùn, Alága sì tún ní kí wọ́n tan rédíò kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́.

"Alága, ẹ gbọ́ mi dáadáa sà," ni Waheedat wí, ó sì ń ka á lórí ìka. "Bí ẹ bá fẹ́ yọ ọ́, ẹ gbé abọ́ omi sábẹ́ rẹ̀. Bó bá bọ́ lọ́wọ́ yín, inú omi ni yóò bọ́ sí, kò ní fọ́. Búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ àti ọṣẹ díẹ̀ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́. Ẹ má fi ọṣẹ ìfọyín fọ̀ ọ́, ó máa ń ha á lára. Ẹ má fi omi gbígbóná kàn án rárá, yóò ká kò. Ẹ fọ eyín tiyín náà, pàápàá àwọn tí wáyà gbá mú. Bí ẹ bá ti ń lọ sùn, ẹ gbé e sínú omi tútù, nínú ife tó ní ìdérí. Ẹ má jẹ́ kó gbẹ. Ẹ má fi áńkáṣífù wé e. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ sà."

Alága dìde. Ó fa agbádá sí èjìká ọ̀tún, ó fà á sí èjìká òsì.

"Ife?" ni ó bèèrè. "Èmi Mùstàfá, tí mo ti bá Gómìnà jẹun ní gbọ̀ngàn kan náà, tábìlì méjì péré ló wà láàárín wa! Èmi tí wọ́n ń fi jíà kẹrin wa ọkọ̀ mi torí kí ìlú lè rí mi dáadáa! Kí ohun tó ń bá mi pàṣẹ máa wẹ̀ nínú ife bí ọmọ ẹja?"

(Tábìlì mẹ́rìnlá ló wà láàárín wọn. Ẹni tó gbé oúnjẹ lọ́jọ́ náà ló sọ fún wa. Ní ti jíà, a kò lóye rẹ̀, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.)

"Omi ló fẹ́ sà," ni Waheedat fèsì. "Kò mọ Alága, kò mọ mẹ̀kúnnù."

Ọ̀rọ̀ yìí dun Alága. Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìgbìmọ̀ ẹlẹ́ni-méje dìde, orúkọ rẹ̀ sì ni Ìgbìmọ̀ Amúṣẹ́ṣe Lórí Ìtọ́jú Ohun Kan. Mojeed, Olùdámọ̀ràn Pàtàkì fún Alága, ni wọ́n fi ṣe olórí rẹ̀. Iṣẹ́ Mojeed tẹ́lẹ̀ ni kí ó máa rẹ́rìn-ín kí Alága tó parí àwàdà. Ó ṣe é dáadáa débi pé wọ́n gbé e ga. Òfin kan ṣoṣo ló de ìgbìmọ̀ náà: ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ dárúkọ Ohun Kan. Wọ́n rán káfíńtà kan ní Ṣakí níṣẹ́, ó kan àpótí kékeré wá, wọ́n fi àrán pupa tẹ́ inú rẹ̀. Bí wọ́n bá gbé àpótí náà wọlé, gbogbo ìgbìmọ̀ á dìde dúró. Ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn wà títí dòní: "Ohun Kan wà ní àlàáfíà. Ohun Kan sùn dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Mojeed kí Ohun Kan kú iṣẹ́ ìlú. Ìpàdé parí."

Ẹ ó wá bèèrè pé, nínú àpótí gbígbẹ, báwo ni eyín náà kò ṣe bàjẹ́ látìgbà náà? Ramlah ni, ìyàwó Alága. Bí ọkọ rẹ̀ bá ti hanrun, á ṣí àpótí, á fọ eyín náà bí Waheedat ṣe wí, á gbé e sínú ife tó ní ìdérí nídìí àga. Kí ó tó di àsùbáà, á ti dá a padà sórí àrán. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbìmọ̀ ń gba ìyìn, ife ń ṣiṣẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn tí oṣù Ràmàdáánì fi lé.

Ní àárọ̀ ààwẹ̀ kìn-ín-ní, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ sààrì tán, Alága wọ yàrá lójijì, ó bá Ramlah níbi tó ti ń yọ eyín kúrò nínú ife. Omi ń kán tó-tó-tó lára rẹ̀.

Alága fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Kì í ṣe ife ló dẹ́rù bà á. Omi yẹn ni. Ìrònú kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ orí rẹ̀, ó sì wọlé pẹ̀lú gbogbo ẹrù rẹ̀: ohun tó sùn nínú omi mọ́jú ti mu omi. Ohun tó mu omi, bí mo bá fi í sẹ́nu lẹ́yìn àsùbáà, omi ti dé ẹnu mi. Ààwẹ̀ mi ti bàjẹ́. Alága tí ààwẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ta ni yóò dìbò fún un?

Ó pe ìgbìmọ̀ kí oòrùn tó yọ.

Mojeed gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, ó mi orí títí. "Ẹ̀yin èèyàn mi," ni ó wí, "ẹ jẹ́ ká fi ọgbọ́n sí i. Bí omi bá kán sẹ́nu mẹ̀kúnnù, omi ló kán. Bó bá kán sẹ́nu Alága, ìjọba ìbílẹ̀ ló mumi! Àti olùkọ́, àti àgbẹ̀, àti ẹni tó ń gbálẹ̀ ọjà, gbogbo wa la mumi nìyẹn! Mo dá a lábàá pé kí Ohun Kan fúnra rẹ̀ gbààwẹ̀. Kí omi má kàn án, lọ́sàn-án, lóru, títí oṣù tuntun yóò fi lé. Kí ó sì máa sinmi lójú fèrèsé níbi tí oòrùn yóò ti máa súre fún un."

"Àmín!" ni gbogbo ìgbìmọ̀ dáhùn.

Àgbàlagbà kan nínú wọn tó joyè ìgbìmọ̀ nítorí pé ó ní àga tirẹ̀ nílé rọra gbé ọwọ́ sókè. "Ṣé kí a bi Lèmọ́mù léèrè ni?"

"Kí la ó sọ fún Lèmọ́mù?" ni Alága bi í.

"A ó ní ẹnì kan fẹ́ mọ̀ nípa ohun kan."

"Lèmọ́mù á ní, ta ni? Á ní, kí ni? Ẹ̀yin lẹ ó dá a lóhùn?"

Àgbàlagbà náà gbé ọwọ́ rẹ̀ wálẹ̀.

Ramlah ló sá lọ pe Waheedat. Nọ́ọ̀sì náà wọlé bá wọn pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn, ó kúnlẹ̀, ó kí wọn, ó sì sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ kíláàsì kejì ṣe ìṣirò.

"Alága, ṣé ẹ kì í fi omi yọ ẹnu nígbà àlùwàlá ni? Ẹ̀ẹ̀mẹta lẹ ń yọ ọ́, ẹ sì ń tu ú dànù, ààwẹ̀ yín sì ń bẹ lọ́rùn yín. Ohun tí ẹ gbọn omi rẹ̀ dànù kí ẹ tó fi sẹ́nu, kí ló wá kù níbẹ̀? Ẹ bi Lèmọ́mù, yóò sọ fún yín. Àmọ́ èyí tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ tèmi ni pé bí eyín yìí bá gbẹ fún ọgbọ̀n ọjọ́ nínú ooru yìí, yóò sún kì, yóò ká kò. Eyín yìí kò ní wọ ẹnu yín mọ́."

Àwọn èèyàn náà ń wo ara wọn. Kì í ṣe ohun tí ó sọ ló ba wọn lẹ́rù. Ó ti pe Ohun Kan ní eyín. Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì.

Alága wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Nọ́ọ̀sì," ni ó wí, "ìwọ fẹ́ràn òótọ́ púpọ̀. Ìjọba mi nílò ẹni tó fẹ́ràn òótọ́. Láti òní lọ, mo fi ọ́ ṣe Olùka Igi Kajú. Láti Ẹ̀bá-Àpáta títí dé Ìwéré-Ilé, apá ọ̀tún àti apá òsì. Má fo ọ̀kan."

Bí wọ́n ṣe ti yàrá ìtọ́jú eyín pa nìyẹn. Wọ́n fi àgádágodo sí i, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ọn: "Ẹni tí eyín bá ń dùn, kí ó ní sùúrù."

Ẹ wá fi ara balẹ̀ wò ó. Bí eyín bá wà lójú fèrèsé tí ó ń gbààwẹ̀, kí ni Alága yóò fi sọ̀rọ̀ lójúmọmọ? Mojeed ti ronú kan èyí náà. Wọ́n kọ ìkéde, wọ́n kà á lórí rédíò: nítorí ìfọkànsìn tí irú rẹ̀ kò wáyé rí láti ìgbà tí a ti dá ìjọba ìbílẹ̀ sílẹ̀, Alága kò ní máa sọ̀rọ̀ láti àsùbáà títí di ìṣínu. Bí èèyàn bá wá bá a, Alága á mi orí, Mojeed yóò sì túmọ̀ rẹ̀.

Àwọn kan gbà á gbọ́. Ìyá arúgbó kan sunkún ní mọ́sálásí pé ayé ti dára.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, àwọn àgbẹ̀ kajú wá. Kòtò ńlá kan ti jẹ ojú ọ̀nà wọn, ọ̀kadà kò lè gbé àpò kọjá mọ́. Wọ́n rojọ́, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Oorun ń kun Alága, ó yán láìla ẹnu, orí rẹ̀ sì fì sápá òsì.

"Alága ti gbọ́!" ni Mojeed pariwo. "Ọ̀rọ̀ yín wọ̀ wọ́n lákínyẹmí ara. Wọ́n ní kí wọ́n sọ kòtò náà ní orúkọ yín, kí ìran tó ń bọ̀ lè mọ̀ yín!"

Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, pátákó ti dúró létí kòtò: Kòtò Ìrántí Àwọn Àgbẹ̀ Kajú. Àwọn àgbẹ̀ dúró wò ó. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Ó kéré tán, ẹni tó bá kó sínú rẹ̀ á mọ ilé tó wọ̀."

Ní gbogbo àkókò yìí, bí Alága bá fẹ́ ṣínu nírọ̀lẹ́, á gbé eyín náà láti ojú fèrèsé, á fi aṣọ gbígbẹ nù ún, á fi í sẹ́nu. Lọ́jọ́ kẹjọ, ó ń gún un lérìgì. Lọ́jọ́ kẹtàlá, wáyà kan kò mú nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ kejìdínlógún, ó yọ ọ́ kúrò, ó fi erìgì rún mọ́ínmọ́ín. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé ìpọ́njú ẹ̀sìn ni, èrè ń bẹ níbẹ̀. Ramlah ń gbé ife omi wá sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lálaalẹ́, Alága náà ń fi ẹsẹ̀ tì í sẹ́yìn.

Ààwẹ̀ pé mẹ́tàlélógún lọ́jọ́ Sátidé tí àwọn àgbà ẹgbẹ́ ń bọ̀. Aago kan ọ̀sán ni wọ́n dá. Lọ́jọ́ yìí, kò sí àyè fún orí mímì. Ẹni tó bá máa gba tíkẹ́ẹ̀tì yóò la ẹnu.

Alága gbé Ohun Kan láti ojú fèrèsé. Eyín náà ti gbẹ bí èèpo ẹ̀pà, ó ti wọ́. Ó tì í sókè, kò wọlé. Ó tì í lápá ọ̀tún, òsì yọ. Ó tì í lápá òsì, ọ̀tún yọ.

"Ẹ jẹ́ ká ránṣẹ́ pe Waheedat," ni Ramlah wí.

"Ẹni tó wà nínú igbó, tó ń ka igi?"

"Ẹ lọ báyìí náà, Bàbá Súlíà. Ẹ fi í sílẹ̀ nílé, ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ bí Ọlọ́run ṣe dá yín. Ta ni kò mọ̀?"

"Kò sí ẹni tó mọ̀!" ni Alága jágbe. Ramlah wò ó.

Mojeed, tó wá gbé Alága, ló ní ojútùú. "Rọ́bà ni, àbí kì í ṣe rọ́bà? Bí ìdérí kẹ́ẹ̀gì wa bá ká kò, omi gbígbóná la fi ń tún un ṣe. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún bọ́kẹ́ẹ̀tì ìyá mi." Ó bu omi híhó, ó rì í sínú rẹ̀; kò sí ẹni tó rántí ààwẹ̀ Ohun Kan mọ́. Àánú ṣe mí láti sọ èyí tó kù. Eyín náà ká bí ewé kajú tó já sílẹ̀ nínú ọ̀gbẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rọ̀ nígbà tó gbóná, Alága sì fi àtàǹpàkò méjèèjì tì í sókè tipátipá, ó gbé omijé mì, ó wọ ọkọ̀.

Gbọ̀ngàn ti kún. Àwọn àgbà mẹ́ta ló wá, Alhaji Ayọ̀dàmọ́lá sì ni olórí wọn, bàbá tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, tí ohùn rẹ̀ kò ga rárá. Ní ìlà iwájú, Fàtímọ̀, ìyá tó ń darí àwọn tó ń yan gàrí lójú ọ̀nà Ìgànná, jókòó pẹ̀lú èèyàn bíi ogún, gbogbo wọn sì fi ọwọ́ di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Bí yàrá eyín bá wà ní títì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, bó ṣe máa ń rí nìyẹn.

"Kí ló ṣe àwọn èèyàn yìí?" ni Alhaji Ayọ̀dàmọ́lá bèèrè.

Mojeed kò ronú lẹ́ẹ̀mejì. "Bàbá, ìkíni àbáláyé ìlú wa ni. Àlejò pàtàkì nìkan la ń di ẹ̀rẹ̀kẹ́ kí."

"Ìyẹn mà dára o," ni bàbá wí. Òun àti àwọn méjì tó bá a wá gbé ọwọ́, wọ́n di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú, wọ́n tẹrí ba fún ìlú. Fàtímọ̀ fẹ́ sọ̀rọ̀, ìrora kò jẹ́ kó tètè la ẹnu.

Tíṣà Samsudeen, tó ń bá Alága du ipò náà, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó sọ nípa ọ̀nà, ó sọ nípa ilé ìlera, ó dárúkọ kòtò kan tó ní pátákó. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́ta, ó jókòó.

Alága dìde.

"Ẹ̀hin àhà hẹgbẹ́," ni ó wí.

Mojeed fò dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Alága ní: ẹ̀yin àgbà ẹgbẹ́! Ẹ̀yin òṣùpá tí ìràwọ̀ ń wò rìn! Ẹ̀yin òpó tó gbé òrùlé ró tí òrùlé kò mọ̀!"

"Hun," ni Alága wí, ó ń fi ahọ́n ti ohun tó ń yọ́ sílẹ̀.

Mojeed sọ̀rọ̀ fún odindi ìṣẹ́jú mẹ́rin. Ó mẹ́nu kan ilé-ẹ̀kọ́, iná mànàmáná, àti ìfẹ́ tí àwọn adìyẹ ìlú ní sí Alága.

"Gbogbo èyí ló wà nínú hun yẹn?" ni bàbá bèèrè.

"Mo gé e kúrú ni, Bàbá."

"Jókòó, ọmọ mi. Ẹnu rẹ̀ ni mo ti fẹ́ gbọ́ ọ." Bàbá yíjú sí Alága pẹ̀lú ẹ̀rín. "Mùstàfá, jẹ́ ká fi ohun tó rọrùn bẹ̀rẹ̀. Kí ni orúkọ ìlú rẹ yìí?"

Inú Alága dùn. Èyí kò le. Ó fa èémí, ó la ẹnu gbàràgàdà: "Ẹ̀bá-Àpá..."

Eyín náà fò. Ó gba orí máìkì kọjá, ó balẹ̀ lórí aṣọ tábìlì níwájú àwọn àgbà, ó pòyì lẹ́ẹ̀mejì, ó sì dúró ní ìdojúkọ àwọn èèyàn, bí ẹni pé òun ni ọ̀rọ̀ kàn láti sọ.

Mojeed ló kọ́kọ́ rí ohùn. "Ẹ̀yin àlejò wa! Ta ló ni èyí nínú yín?"

Gbogbo ojú wà lára Alága. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Kì í hẹ hèmi," ni ó wí.

"Ẹ ní sùúrù," ni Alhaji Ayọ̀dàmọ́lá wí, "kó má lọ jẹ́ tèmi." Ó ti ìka méjì bọ ẹnu, ó fa eyín mẹ́ta tó wà lórí rọ́bà jáde, ó gbé e sókè sí ìmọ́lẹ̀. "Há à, rárá o. Tèmi rèé. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń lò ó."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn, àwọn tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn wú pàápàá ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ké "yéè." Àárín ẹ̀rín náà ni wọ́n ti pe ìrun Àyílà.

Níbi ẹ̀rọ omi níta, Alága dúró lẹ́yìn bàbá náà. Ó rí i tó bu omi, tó fi ṣan eyín rẹ̀, tó gbọ̀n ọ́n nù lẹ́ẹ̀mẹta, tó fi omi yọ ẹnu, tó tu ú dànù, tó sì fi eyín sẹ́nu padà bí ẹni fi fìlà dé orí. Lèmọ́mù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó ń fọ ẹsẹ̀ tirẹ̀, kò tilẹ̀ wo bàbá náà.

Alága wo Lèmọ́mù, ó wo bàbá náà. Ó rántí ọjọ́ mẹ́tàlélógún, ojú fèrèsé, oòrùn. Omi àlùwàlá wà lẹ́nu òun náà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ó tu ú dànù.

Nígbà tí wọ́n padà wọlé, Fàtímọ̀ dìde, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Bàbá, ẹ má bínú, a kò kí yín o. Eyín ló ń dùn wá. Alága ti yàrá eyín pa. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa ní kí wọ́n má jẹ́ kí eyín Alága gbẹ, wọ́n sì rán an lọ ka igi kajú."

Bàbá náà na ọwọ́ sórí tábìlì. Ó mú pépà kan, ó gbé eyín tó ká kò náà lé e lórí, ó nà án sí Alága. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀ bíi ti bàbá sí ọmọ.

"Mùstàfá. Gbà á. Ṣé tìrẹ ni?"

Ẹ gbọ́ mi, ibí yìí ni gbogbo rẹ̀ wà. Bó bá ní "bẹ́ẹ̀ ni," ẹnu ọ̀nà kò tíì tì. Ojú bàbá náà fi hàn bẹ́ẹ̀. Alága fúnra rẹ̀ rí i. Ó wo pépà náà, ó wo àwọn èèyàn, ó wá ojú Mojeed. Mojeed ń wo Tíṣà Samsudeen.

"Nọ́ọ̀hì ló ni ín," ni Alága wí. "Òun ló fi í hí mi lẹ́nu."

Bàbá gbé pépà náà kalẹ̀. Ó yíjú sí akọ̀wé ẹgbẹ́.

"Kọ orúkọ Samsudeen sílẹ̀."

Kí oòrùn tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, Mojeed ti tẹ́ ẹní síwájú ilé Tíṣà Samsudeen, ó sì ń rẹ́rìn-ín sí àwàdà tí tíṣà kò tíì dá. Tíṣà ní kó ká ẹní rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.

Lọ́jọ́ Ajé, akọ̀wé ìjọba ìbílẹ̀ fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí àgádágodo, kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Waheedat sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà pẹ̀lú eruku lára. Ó fún akọ̀wé ní ìwé àkọsílẹ̀ kan: igi kajú ẹgbẹ̀ta àti mẹ́tàdínlógún, kò tíì dé ìdajì ọ̀nà. Ó wẹ ọwọ́, ó pe ẹni àkọ́kọ́ wọlé.

Ọ̀sán ni Alága dé. Ó wá láìsí fèrè ọkọ̀, láìsí ìgbìmọ̀, àpótí alárán wà ní abíyá rẹ̀, eyín tó sẹ́ lọ́jọ́ Sátidé sì wà nínú rẹ̀. Waheedat gba àpótí náà lójú ilẹ̀kùn, ó yí eyín náà síhìn-ín sọ́hùn-ún.

"Èyí kò ṣeé tún ṣe mọ́ sà," ni ó wí, láìsí ìkanra kankan lóhùn rẹ̀. "A ó tún ẹnu yín wọ̀n, a ó ṣe òmíràn. Ẹ ṣáà gba nọ́ńbà, ẹ jókòó." Ó fún un ní káàdì pálí kékeré kan. Ọ̀kànlélógójì.

Alága wo káàdì náà. Ó wo ilẹ̀kùn bóyá ẹnikẹ́ni yóò sọ pé kí ó kọjá. Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹni tó fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bẹ́ńṣì ti kún, oòrùn sì ń pa á níbi tó dúró sí. Ó dúró pẹ́.

Fàtímọ̀ ló gbé àpò rẹ̀ kúrò lórí bẹ́ńṣì. Ó fi ọwọ́ gbá ojú ibẹ̀. "Alága, ẹ wá jókòó síbí. Ibòji wà níbí."

Ó jókòó. Wọ́n pe ẹni mẹ́wàá wọlé kí ó tó yọ ọwọ́ tó fi bo ẹnu kúrò.

"Ẹ ṣé," ni ó wí.

Ó jáde bíi "Ẹ hé," nítorí àlàfo tó wà níwájú. Ṣùgbọ́n Fàtímọ̀ gbọ́ ọ, ó mi orí, ó sì sún díẹ̀ sí i.